Igẹ̀ Ẹran Ló Jẹ́ Kí Bàbá Mi Fi Mí Fọ́kọ

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn bí eré orí pèpéle ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi nígbà ọmọge mi ní Ìlá. Bẹ́ẹ̀ ni o, eré lásán!

Nígbà náà, a ò tíì gba òmìnira. Tíṣà kan wà ní ilé-ìwé ìjọ wa tó fẹ́ràn ìwé òyìnbó ju oúnjẹ lọ. Ó ní òun rí eré àtijọ́ kan tí gbogbo ayé ń sunkún sí, òun sì ti yí i sí Yorùbá. Ọba kan ní ọ̀rẹ́ àtàtà, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ọ̀rẹ́ yìí da májèlé sínú ẹmu ọba, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọba ṣe ń kú lọ. Ó parí.

Adéoyè, àfẹ́sọ́nà mi, ni wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù! Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde yẹn, ṣe ni àwọn ọmọdé sá jáde.

Bàbá mi jókòó níwájú. Wọn ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe Adéoyè, wọ́n ní kí ló dé tó fi pa ọba. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní eré ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé eré ni, ìdí ni àwọn ń bèèrè. Tíṣà bá a dáhùn pé kò sí ìdí, ìkà kàn wà nínú ọkùnrin náà ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n ìwé náà wà.

Bàbá mi ní, “Ẹni tó bá nídìí, a lè bẹ̀ ẹ́ lórí ìdí náà. Èyí tí kò nídìí, kí la máa fi bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó bá kọjú sí ọmọ mi?”

Wọ́n ní ẹni tó lè rín irú ẹ̀rín yẹn láìnídìí, ó ti ń rín in nílé tẹ́lẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣe dúró nìyẹn. Iṣu ìdána tí àwọn ará ilé Adéoyè ti kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Èmi ò sunkún. Mo kàn bi ara mi pé, lójú bàbá mi, kí ló tó ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ pààyàn? Mo sì mọ̀ ọ́n! Láti ìgbà ìsìnkú bàbá wọn ni wọn ò ti bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n pín màlúù, ilé àbúrò ni igẹ̀ tó jẹ́ ti àgbà gbà lọ. Ìfun ló kù fún bàbá mi.

Mo pàdé Adéoyè lọ́nà odò, mo ṣàlàyé fún un.

Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n tún ṣe eré náà fún àwọn ará oko. Bí Adéoyè ṣe fẹ́ da májèlé, ó dúró.

“Lọ́jọ́ tí a pa ẹfọ̀n, èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Ta ló jẹ igẹ̀? Ìfun ni wọ́n gbé wá fún mi!”

Tíṣà ń ké lẹ́yìn aṣọ pé kò sí igẹ̀ nínú ìwé. Ta ló gbọ́? Gbogbo ilé ní “hẹ̀n-ẹ́n.” Bàbá mi, tí wọ́n tún wá jókòó níwájú, dìde.

“Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Májèlé yẹn gan-an kéré.”

Ọba kú, Tíṣà nìkan ló sunkún.

Ṣé mo ti sọ pé àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé odindi igẹ̀ ewúrẹ́ wá. Inú bàbá mi dùn, wọ́n ní kí n bu ẹmu fún un.

Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti mumi nílé.”

Wọ́n fi mí fún Adéoyè kí iṣu yẹn tó bàjẹ́ tán. Títí ó fi dolóògbé, mi ò ṣi igẹ̀ pín rí. Ṣé ẹ rí i, mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn létí ara mi!

Tíṣà ní a ò mọ ìkà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, ìdí máa ń wà. Ó kàn máa ń kéré débi pé ojú ń ti onítọ̀hún láti sọ ọ́ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tó ń bínú sí yín yẹn, kí lẹ gbàgbé láti gbé fún un? Ẹ sọ fún wa, kí àwa náà fi kọ́gbọ́n.