Ọmọ tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ níkùn

Wọ́n pè mí ní agbéraga nítorí ọmọ yìí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ọmọdé ni mí n'Ìbàdàn, nígbà tí Bódìjà ṣì jẹ́ oko. Màmá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ wọn wá láti Ẹlẹ́yẹlé, ọmọ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ní ibi tí àwọn ti ń wẹ̀ ẹ́ ni ọwọ́ àwọn ti ba nǹkan líle kan lápá òsì ikùn rẹ̀. Wọ́n rò pé yóò yọ́, ni wọ́n bá ń fi omi gbígbóná àti òrí tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, bí a ṣe máa ń tẹ ọmọ tuntun nílé wa. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ìtọ̀ ọmọ ni wọ́n sáré dé.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní kókó ló wà lára kíndìnrín rẹ̀, àfi kí àwọn yọ kókó àti kíndìnrín apá òsì náà pọ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá tún tẹ̀ ẹ́, kókó náà lè bẹ́, kó sì tàn ká inú ọmọ.

Kí n tó yíjú padà, Màmá ti ń tú òrí jáde. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé èmi ni mo fà á ni?"

"Rárá o. Ọwọ́ yín ló bá wa rí i."

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ kan kó akẹ́kọ̀ọ́ oníṣègùn mẹ́jọ wọlé, kí kálukú fọwọ́ wo kókó náà. Mo dúró síwájú ọmọ. Ó ní kí n kúrò lọ́nà. Inú bí mi gidi.

"Sà, màmá tí ò mọ̀wé gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ńkọ́?"

Olùkọ́ náà yí wọn padà láìfọwọ́ kan ọmọ. Ó ní òun máa fẹjọ́ mi sùn. Mo ní kí wọ́n máa lọ, ọ́fíìsì mátírọ̀nù ò jìn.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, kókó jáde lódindi, kò bẹ́. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kan péré ló kù fún ọmọ, a ò sì mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀sán pọ́n, kò tọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Nírọ̀lẹ́, mo rọra gbé e kí n lè tẹ́ aṣọ mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ló bá tọ̀ sí mi láyà, ìtọ̀ tó mọ́ kedere. Màmá ń wá àkísà tí wọ́n máa fi nù mí, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù funfun yẹn náà ni mo wọ̀ gba àárín Dùgbẹ̀ kọjá lọ sílé, mi ò sì fọwọ́ bò ó.