Ewé Tó Lé Èéfín Jáde

Bí mo bá ń bomi rin òdòdó inú ọ́fíìsì mi, òórùn erùpẹ̀ tútù máa ń gbé mi padà sí yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní àdúgbò Barnawa, lókè ọya, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá mi ti ti fèrèsé pa nítorí eruku, wọ́n sì ń fi sítóòfù se ẹ̀wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èéfín kẹrosíìnì ń ta wá lójú. Àbúrò mi obìnrin ń wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, àyà rẹ̀ ń súfèé.

Tíṣà wa ti sọ pé ewéko máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Mo sáré lọ bá Hájíyà, aládùúgbò wa, mo tọrọ ewéko eléwé gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Mẹ́rin ni wọ́n wú fún mi. Mo gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì.

"Màámi, ojú fèrèsé ni wọ́n máa wà. Oòrùn ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ sì gbé sítóòfù síta kó má baà jó wọn."

Màmá mi wo àbúrò mi, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n gbé sítóòfù jáde.

Kí ẹ̀wà tó jinná, ikọ́ ti rọlẹ̀. Àbúrò mi dìde, ó ní ebi ń pa òun. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé fèrèsé ló ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe ewé mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Hájíyà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi èdè wọn yìn mí: "Madalla! Dókítà wa!" Nígbà tí bàbá mi sì ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò tíì wọlé tí mo fi ké sí wọn: "Bàámi, mo ti wo ọmọ yín sàn!"