Àdúrà Tí Mo Fi Rọ́pò Ọ̀rọ̀ Oògùn

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ni Bàbá Mutiu wọ kẹ́míìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Lotto, ní Mowe. Mo rántí àkókò náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago bóyá ọ̀gá mi á tètè dé. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá dá wà nídìí káńtà. Mo ti jáde yunifásítì lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù kẹta mi nídìí oògùn nìyẹn, gbogbo ìgbà ni mo sì ń rò pé ẹnì kan máa tó rí i pé n kò mọ nǹkan kan.

Káfíńtà ni Bàbá Mutiu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ọkàn rẹ̀ sì máa ń sáré. Oṣooṣù ló ń ra àtẹnolọ́ọ̀lù, oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù kí ẹ̀jẹ̀ ríru lè wálẹ̀. Mo ti nawọ́ sí i lórí pẹpẹ nígbà tó ní:

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Tọwọ́ mi tán lánàá, ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ikùn á ṣófo látàárọ̀, kí oògùn náà sinmi díẹ̀. Oògùn ojú ni mo wá rà."

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ọ̀gá mi, obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn, ti kọ́ mi pé ẹni tó ń lo irú oògùn yìí kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Ó ní ó dà bí awakọ̀ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Dókítà ló lè ní kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí bàbá yìí tán ni, ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni mí, n kò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá a jiyàn lórí ààwẹ̀ rẹ̀.

"Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ náà lọ́wọ́ yín, sà," ni mo sọ.

"Àmín, ọmọ mi."

Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nínú ìwé wa. Lójoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, tí mo sì ń pa á kó tó dún.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé. "Ẹ dákun, Bàbá Mutiu ní bíi pé wọ́n ń fi òòlù lu àyà àwọn."

Ọ̀gá mi bi í pé, "Ìgbà wo ni wọ́n lo oògùn kẹ́yìn?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà, mà."

Ọ̀gá mi sáré jáde lẹ́yìn káńtà. Ó bá obìnrin náà lọ, wọ́n gbé bàbá sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Dókítà dá a padà sórí oògùn, ó ní kó máa lò ó nígbà sàárì.

Mo sunkún jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ mi tán. "Àdúrà dáa," ó ní, "ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kò ní kí ẹnu má sọ̀rọ̀. Kúnlẹ̀ kí o sì sọ ọ́."

Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Alhaja kan tí mo kúnlẹ̀ bá sọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ tiẹ̀ bèèrè pé, "Ṣé oògùn lò ń tà ni àbí ò ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ?" Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Bàbá Mutiu gbé àpótí ìjókòó kan wá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. "Àdúrà tó o gbà fún mi lọ́jọ́sí ni kò jẹ́ kí n kú. Máa jókòó sórí èyí, kí ẹsẹ̀ rẹ sinmi."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ òótọ́, pé mo mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n dá oògùn náà dúró, mi ò sì sọ ọ́. Ọ̀gá mi ní ẹnu mi ló ti yẹ kó gbọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló máa wá ra oògùn oṣù yìí. Tí mo bá sọ fún un, mo ń bẹ̀rù pé kò ní fọkàn tán wa mọ́, kó tún pa oògùn tì. Tí n kò bá sọ, ọpẹ́ tí kò tọ́ sí mi ni mò ń gbà. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni mo máa ń dúró sí, n kò tíì lè jókòó lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún bàbá yìí, báwo ni kí n sì ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?