Ọmọ Tí Mo Ní Kó Máa Sùn Lẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí ó ti fẹ́ pa mí sínú. Treichville, ládùúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi kàwé. Mò ń gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi tún èyí kọ.

Àbúrò mi fẹ́ Ràfíà láti Ẹdẹ, ó mú un wá sí Abidjan. Ìyàwó wa ò gbọ́ Faransé kankan àfi "bonjour". Nígbà tó bí Àmínà, èmi ni mo máa ń sìn wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní PMI, ilé ìwòsàn àwọn ìyá àtọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé bí ọmọ ọwọ́ ṣe yẹ kó máa sùn kó má baà kú sójú oorun. "Toujours sur le dos!" ló ń tẹnu mọ́. Ooru ń mú, mo sì ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ ní Zone 4. Ìyàwó wa bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè ní "dos", mo bá ní wọ́n ní kí ọmọ máa sùn lẹ́yìn.

Lẹ́yìn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣé ẹ ti rí ohun tí mo ṣe?

Inú ẹ̀ dùn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn, ló bá pọn ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ni Àmínà ti ń sùn. Tó bá sùn wọra, á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wà lẹ́yìn gan-an, ikùn nísàlẹ̀, ojú sínú fóòmù rírọ̀, kó má baà jí.

Ọ̀sán Fúráìdé kan, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó lọ fọṣọ. Kó tó padà dé, Àmínà ti tutù. Oṣù mẹ́ta péré! Dókítà wò ó títí, kò rí àrùn kankan. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni, ìyàwó wa sì gbà wọ́n gbọ́.

Nígbà tó yá, mo tẹ̀lé ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí PMI yẹn. Nọ́ọ̀sì kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú bèbí onírọ́bà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ojú sókè, kò sí pílò, kò sí aṣọ jọwọlọ. "Sur le dos."

Yéè! Ẹ̀yìn ọmọ ni, kì í ṣe ẹ̀yìn ìyá!

Àbíkú kọ́ o. Yorùbá mi ni. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó pa á nìyẹn. Ó fẹ́ tù mí nínú ni, àmọ́ kò tù mí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó wa, èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ! Mo sọ gbogbo ẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Àǹtí, ká ní ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ṣé mi ò ní í ṣe é ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá sọ ọmọ kalẹ̀, ẹ yí i padà, kí ẹ̀yìn ẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì tó le díẹ̀, kójú ẹ̀ máa wo àjà. Tó bá jí, kó jí! Ọmọ tó ń ké ṣì ń bẹ láyé.

Ìyàwó wa tún ti lóyún. Ó ti sọ fún ọkọ ẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ni kó fi bèbí han òun fúnra ẹ̀, kí n má túmọ̀ nǹkan kan. Ó dùn mí, àmọ́ kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ ti túmọ̀ fún ẹlòmíì rí, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí oorun sùn? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ìyá ọmọ kan lè rí i kà.