Orúkọ Mọ́kànlá

Kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, ẹ̀yìn ló ń gbá, lápá òsì. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ṣe tíṣà. Ó kọ́ ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́ta kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Ojú-kì-í-sùn làwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni rédíò ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ tó kà á. Wọ́n sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alága àjọ bọ́ọ̀lù kò pariwo. Ó ní, "Bẹ́ ẹ bá tún pàdánù èyí tó ń bọ̀, ẹ máa kẹ́rù yín."

Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá lọkàn rẹ̀ lọ bá. Ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, ẹni yẹn kọ́ o."

"Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Ní ibùdó ìgbaradì, ó pe igbákejì náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ yàrá.

"Ta lo máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láràárọ̀?"

"Ìyá mi."

"Ìyá ẹ náà ti ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù?"

"Ìyá mi tí ò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọsàn?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀. "Háà. Èmi lo fura sí?"

"Máa lọ sílé ná."

Ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó ku ọ̀la kí wọ́n gbá eré, rédíò tún ka mọ́kànlá náà. Kò ṣi ẹnikẹ́ni pè.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá jáde sí àgbàlá. Lódìkejì títì, akọ̀ròyìn rédíò kan dúró, ó ń wo inú ọgbà, ó sì ń kọ nǹkan. Òun náà wo ibi tí ọkùnrin náà ń wò. Okùn ìsáṣọ ni. Jẹ́sì mọ́kànlá tí wọ́n ti sá láti alẹ́ àná ló wà lórí okùn tó kọjú sí títì, nọ́ńbà wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyókù wà lẹ́yìn ilé.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ sá a báyìí?"

Bàbá tó ń tọ́jú aṣọ wò ó tìyanu-tìyanu. "Kóòṣì, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi ní nọ́ńbà wọn. Ẹ ní kí n ya tàwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀, pé ẹ ò fẹ́ rúdurùdu."

Ó ní kí bàbá má ká jẹ́sì náà. Ó wọlé, ó pààrọ̀ ẹni mẹ́rin nínú mọ́kànlá náà, ó sì tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago.

"Mo ti rí i. Ẹjọ́ mi ni. Máa bọ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Tí n bá dé, tí àṣírí mìíràn tún tú ńkọ́?"



Wọ́n borí, oókan sódo. Iṣẹ́ kò bọ́. Dókítà ẹgbẹ́ ló jókòó sáyè igbákejì tí kò padà wá, ó tẹ orí ba, ó ń tẹ nǹkan sórí fóònù.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá rọra na ọrùn láti wo ojú fóònù náà.