Pèrègún Tí Màmá Mi Hú

Màmá mi, Monílọ́lá, kì í ṣe ojo. Ogún ọdún ló fi ránṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, àwọn ọlọ́kadà tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni sì máa ń yà fún un. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ní oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Oda, ó wé gèlè, ó tú u, ó tún un wé, ó tún tú u. Ẹ̀rù ba èmi náà.

Ọdún tí nǹkan le koko ni. Gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ló ń tà á fún àwọn tó ń kọ́lé tà. Dúrótoyè, tí oko wọn bá tiwa pààlà, fẹ́ ta tiwọn, ó sì ní tiwọn wọ inú tiwa títí dé ìlà pèrègún kan tó wà láàárín kòkó wa. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé pèrègún ni ààlà? Òótọ́ kúkú ni. Ibi tí bàbá àgbà bá gbin pèrègún sí ni ilẹ̀ rẹ̀ pin sí, ọmọ ọmọ kì í jiyàn.

Ohun tí Dúrótoyè kò mọ̀ ni pé ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú, ajíhìnrere kan wá ṣe ìsọjí ní Oda, ó ní igi òrìṣà ni pèrègún, kò yẹ kó wà lóko onígbàgbọ́. Màmá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Adépéjú, ìyá Dúrótoyè gan-an, gbé àdá, wọ́n lọ hú gbogbo èyí tó wà ní ààlà oko méjèèjì. Wọ́n wọ́ ọ wá sínú oko wa, wọ́n tò ó sílẹ̀ kó lè gbẹ, kí wọ́n dáná sun ún. Òjò dé, wọ́n gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń hú pèrègún tó ń retí pé yóò gbẹ? Gbogbo rẹ̀ ló hù níbi tó sùn sí. Igba igi kòkó ló wà láàárín ààlà tòótọ́ àti ààlà àfọwọ́fà yìí. Sàréè bàbá màmá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí màmá mi ṣèlérí fún pé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ká kòkó náà.

Mo ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́ fún wọn."

"Kí n sọ pé mo hú ààlà? Fọlákẹ́, orí rẹ pé?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Lọ́dọọdún, ní ìsìn Ọjọ́rú Eléérú, la máa ń ṣe àmín sí ègún ẹni tó bá ṣí ààlà. Mo ti ṣe àmín yẹn nígbà mọ́kànlá."

Àwọn àgbà tó fẹ́ parí ẹjọ́ ilẹ̀ náà dé. Dúrótoyè mú ìyá rẹ̀ dání, ó gbé àga fún un. Nígbà tí Bàbá Jethro, tó dàgbà jù níbẹ̀, béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, màmá mi kúnlẹ̀ sórí ewé kòkó, ó sì jẹ́wọ́, títí kan àmín tó ń ṣe lọ́dọọdún. Kò dárúkọ ẹlòmíràn.

Dúrótoyè bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló rí yín, Màmá?"

Inú bí mi débi pé mo tẹjú mọ́ Màmá Dúrótoyè bí ẹni tó fẹ́ jà. Ìyá náà ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé a ti pàdánù sàréè bàbá àgbà.

Ìyá náà dìde. Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó kọjá ìlà pèrègún, ó kọjá sàréè, ó rìn títí dé ibi tí kò sí nǹkan kan àfi ewé gbígbẹ. Ó dúró.

"Dúrótoyè, máa bọ̀ níbí. Ibí ni ilẹ̀ bàbá rẹ pin sí. Èmi ni mo di ìdí pèrègún mú nígbà tí Monílọ́lá ń hú u."

Dúrótoyè kò mira.

"Mo ní kí o máa bọ̀! Èmi náà ń ṣe àmín yẹn."

Èmi àti Dúrótoyè ni wọ́n ní kí á gbin pèrègún náà padà, kí ojú àwa ọmọ lè mọ ibẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó tì wá títí a fi ṣe tán.