Ọdún Tí Ìyàwó Mi Gbin Àgbàdo

Ọ̀nà oko wa ní Idigny ni alùpùpù ti gbé mi ṣubú. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ pupa yẹn sì ń yọ̀ bí ilá. Mò ń sáré lọ wò ó bóyá àwọn alágbàṣe ti dé, torí n kò gbà rí pé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ gidi bí n kò bá dúró tì wọ́n. Àfi gbì! Nígbà tí ojú mi máa wálẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wà lábẹ́ alùpùpù, egungun rẹ̀ sì ti ṣẹ́.

Dókítà fi pílátà, ìdè funfun tó le bí òkúta, dì í láti orúnkún títí dé ìka ẹsẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún oṣù méjì. Oṣù méjì, ní ìgbà ìgbìn! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dín in kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kọ́ ni òun ń so egungun pọ̀.

Kí n má purọ́, èmi kì í fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Alàgbà ni mí ní ìjọ wa. Èmi náà ni mo máa ń dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, tí màá sọ fún àwọn ará pé kí wọ́n gbé ẹrù wọn fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní oko mi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yan irúgbìn lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ di ẹnu àpò. Láti ogún ọdún tí ìyàwó mi ti ń bá mi ṣe oko náà, kò dá ìpinnu kankan ṣe níbẹ̀ rí. Ní báyìí, òun ló máa lọ. Kò sí ẹlòmíì.

Ìyá rẹ̀ wá láti Okpomèta wá jókòó tì mí. Àgbà obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí kan síwájú mi, ó ní, "Àna mi, ọwọ́ yín ò ṣáà ṣẹ́." Bí mo ṣe di ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí nìyẹn.

Ẹ̀gúsí ń bẹ lọ́wọ́ kan, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ kejì. Ṣé wọ́n ti fi ewé bo orí ebè? Ṣé àwọn alágbàṣe kì í sinmi jù? Ìyàwó mi ń fi sùúrù dá mi lóhùn, títí di ọjọ́ tí òjò kejì rọ̀. Mo gbọ́ pé gbogbo àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà ti kó irúgbìn jáde. Mo bá pè é pé kó gbin àgbàdo lọ́jọ́ náà gan-an.

"Bàbá ọmọ mi, mo ti fi ọwọ́ walẹ̀ wò. Òjò yìí ò wọlẹ̀ dáadáa. Màá dúró."

"Dúró kẹ̀? Gbogbo ayé ló ń gbìn!"

"Mo rí wọn."

"Mo ní kí o gbìn ín!"

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ojoojúmọ́ lẹ ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú oko yìí. Ibo lẹ ṣẹ́kù sílẹ̀ tí Ó máa fọwọ́ kàn? Ẹ má bínú, mo fẹ́ pa fóònù." Ó sì pa á lóòótọ́.

Mo yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mọ́, ẹ ò gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe?"

"Mo gbọ́," ni ó wí. "Ẹ máa bó ẹ̀gúsí."

Nígbà tó wọlé lọ, mo gbìyànjú láti dìde. Èrò mi ni kí n dé ojú títì, kí n wá ẹni tó máa fi alùpùpù gbé mi dé oko. Ẹsẹ̀ tó kù yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, mo bá ara mi nílẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gúsí. Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìrora nìkan. Mo kéré nígbà tí bàbá mi kú, ebi sì pa wá lọ́dún náà, ebi tí n kò lè gbàgbé. Láti ìgbà náà ni mo ti rò pé ní ọjọ́ tí mo bá yọ ọwọ́ kúrò nínú nǹkan, ebi á tún wọlé. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Mo ní, "Olúwa, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀. Bá mi gbà á lọ́wọ́ mi."

"Àmín," ni ìyá ìyàwó mi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Ó fà mí dìde, ó sì gbọn èèpo kúrò lára mi. Mo sùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà bí ọmọ ọwọ́.

Kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òjò náà máa já sí ni ọkàn mi ti balẹ̀. N kò pe ìyàwó mi mọ́. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, màá ní, "Ẹ kú oko o," màá sì fetí sílẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó jọ pé ó ti ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ tipẹ́, èmi ni n kì í dákẹ́ kí n rí i.

Òjò lọ lóòótọ́, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà dé. Irúgbìn àwọn kan gbẹ nílẹ̀, wọ́n ní láti tún un gbìn. Ìgbà tó padà dé ni ìyàwó mi gbin tiwa, ó sì hù dáadáa. Ṣùgbọ́n ikán wọ inú ebè iṣu wa, ó jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ìyàwó mi tó fura. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó má bẹ̀bẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ikán ì bá bẹ̀rù mi ká ní mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú pílátà, mo fi ọ̀pá rìn dé oko. Àgbàdo ti tó mi ní ìbàdí. Aládùúgbò wa kan ń kọjá lọ, ó kígbe pé, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ oko yín o!" Ìyàwó mi ló kí, kì í ṣe èmi. Mo dúró sórí poro, mo bi ìyàwó mi pé, "Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ jókòó," ni ó wí. "Mo ti sun iṣu."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì jẹun.